Bí Àgbọ̀n Bá Ń Ro: Ibi Tí Agbára Iná Mọ

Yàtọ̀ sí àwọn egungun wínníwínní tó wà nínú etí, egungun kan ṣoṣo ló ń rìn nínú gbogbo agbárí wa: egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Òun ló ń gòkè tó ń sọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tó ń rún ẹran, tó ń ṣẹ́ obì, tó ń bá wa ṣàròyé, tó tún ń là gbàgà nígbà tí a bá ń yán. Ẹ fi ìka kọ̀ọ̀kan síwájú etí yín méjèèjì, kí ẹ rọra la ẹnu, kí ẹ sì pa á dé. Ohun tó ń yí lábẹ́ ìka yẹn ni oríkèé àgbọ̀n. Bí ẹnu bá kọ́kọ́ ń là, orí egungun náà á yí lójú kan; bó bá wá ń là sí i, á yọ̀ síwájú kúrò nínú kòtò rẹ̀, á sì padà síbẹ̀ nígbà tí ẹnu bá pa dé. Àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín òun àti agbárí, tó ń bá a lọ tó ń bá a bọ̀. Ti ọ̀tún kò sì lè ṣiṣẹ́ kí ti òsì jókòó, torí egungun kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Ìrora tó bá ti ibẹ̀ wá máa ń tanni jẹ. Ẹni tó ń ṣe á ní etí ni, dókítà etí á yẹ ẹ́ wò títí, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní eyín tó wà lẹ́yìn pátápátá ni, wọ́n á yọ eyín tí kò ṣẹ̀, ìrora á sì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ̀bátí á máa fọ́ni, ẹnu kò ní fẹ́ là láàárọ̀, ẹran tó bá le díẹ̀ á di ọ̀ràn. Iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń gba ìròyìn gbogbo àdúgbò yẹn ló fà á. Òun ni ìkarùn-ún nínú àwọn iṣan méjìlá-méjìlá tó ti inú ọpọlọ jáde wá tààrà sí ọ̀tún àti òsì, àwọn dókítà sì ń pè é ní trigeminal nítorí pé ó ní ẹ̀ka mẹ́ta. Ẹ̀ka kẹta ló ń ṣiṣẹ́ fún eyín ìsàlẹ̀, oríkèé àgbọ̀n, awọ iwájú etí, àti àwọn iṣu ẹran tí a fi ń rún oúnjẹ. Kí ọpọlọ tó mọ èwo ló ń ké nínú wọn, ó lè ti ṣi ìdílé mú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kò mọ̀. Ibùdó tí iṣan yìí ń kó ìròyìn ìrora lọ kò mọ sínú orí. Ó gùn wá sísàlẹ̀ títí dé inú ọrùn, níbi tó ti ń pàdé àwọn iṣan ìmọ̀lára ọrùn òkè. Ìdí nìyẹn tí ọrùn tó gan fi lè dá kún àgbọ̀n tó ń ro, tí físíò tó mọṣẹ́ fi máa ń fọwọ́ tẹ ọrùn wò kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Aláìsàn á máa wò ó pé kí lèyí ń ṣe.

Lọ́dún 1934, James Costen, dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí etí ń ro, tí etí ń hó, tí kò sì sí àrùn nínú etí wọn. Ó ní àgbọ̀n ni, pé eyín tó ti yọ ló jẹ́ kí oríkèé náà sún sẹ́yìn tó fi ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara tú ibẹ̀ wò, àlàyé yẹn kò dúró. Ṣùgbọ́n èrò pé eyín ló ń ba àgbọ̀n jẹ́ ti wọlé, kò sì tètè jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fá eyín aláìsàn, tí wọ́n ń tún un tò, tí wọ́n sì ń la oríkèé fúnra rẹ̀. Èyí tó burú jù nínú ìtàn náà ni àwo àtọwọ́dá oní-Teflon tí wọ́n ń fi rọ́pò àwo inú oríkèé àgbọ̀n ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980. Agbára ìrúnǹkan ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ara ń bá èérún rẹ̀ jà, ìjà náà sì ń jẹ egungun. Ìjọba ibẹ̀ kó o kúrò nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn tó ti wà lára wọn sì tún ń padà lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Láti ìgbà náà ni àwọn tó mọ ọ̀ràn yìí kì í ti í fẹ́ fi ohun tí wọn kò ní lè tú bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní OPPERA, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí àgbọ̀n wọn kò tíì ro, láti mọ ẹni tó máa ro àti ìdí rẹ̀. Lọ́dọọdún, bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kó sí i. Àwọn tó sì súnmọ́ ọn jù ni àwọn tí ara ti ń ro níbòmíràn, ẹ̀yìn tàbí orí, àti àwọn tí oorun wọn kò dán mọ́rán. Ọ̀ràn yìí kì í sábà jẹ́ ti oríkèé nìkan. Àgbọ̀n tó bá ń dún kẹ́kẹ́ ńkọ́? Bí kò bá ro, tí kò sì há, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni tiwọn ń dún bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń jẹ eegun lọ ní tiwọn.

Kí wá ló kan iná mànàmáná nínú èyí? Ó ti pẹ́ tó ti kàn án. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, Scribonius Largus, oníṣègùn kan ní Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹja òkun tó ń ta iná lé orí ẹni tí orí ń fọ́, kí ẹja náà sì wà láàyè. Àwọn apẹja odò Ọya mọ irú ẹja bẹ́ẹ̀ dáadáa: ẹja òjìjì tiwa lè ta iná tó ju 300 fóòtì lọ, ẹni tó bá fọwọ́ òfo dì í mú kò tún ní dán an wò. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ o.

Àlàyé gidi kò dé títí di ọdún 1965, nígbà tí Ronald Melzack, ọmọ Kánádà, àti Patrick Wall, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ èrò wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní bodè kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ìròyìn ìrora gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé ọpọlọ. Iṣan oríṣi méjì ló ń dé bodè yìí. Èyí tó tín-ín-rín ń gbé ìrora bọ̀, kì í sì í yára. Èyí tó sanra ń gbé ìfọwọ́kàn àti ìfọwọ́pa bọ̀, ó sì yá ju èkejì lọ. Bí àwọn tó sanra bá ń rọ́ wọlé, oníbodè á dín àwọn tó ń gbé ìrora kù. Gbogbo wa la ti ń ṣe é kí sáyẹ́ǹsì tó dé: ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ ra á. Ọ̀pọ̀ kúlẹ̀kúlẹ̀ nínú àlàyé ọdún 1965 ni wọ́n ti tún ṣe láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bodè fúnra rẹ̀ kò wó. Ní ti ojú àti àgbọ̀n, inú ibùdó gígùn tó ti orí dé ọrùn, tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, ni bodè ọ̀hún wà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Wall àti William Sweet, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Boston, dán an wò. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ sí ihò tó wà nínú egungun lábẹ́ ojú, níbi tí ẹ̀ka kejì trigeminal ti ń jáde sí ojú, wọ́n sì rán iná díẹ̀ gba inú rẹ̀. Ibi tí iṣan náà ń ṣiṣẹ́ fún kò tún mọ ìrora bíi ti tẹ́lẹ̀. Láàárín àkókò kan náà ni Norman Shealy ní Amẹ́ríkà ń fi wáyà sínú ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tí ìrora ti sọ di aláìlera. Láti mọ ẹni tí iná máa bá lára mu kí wọ́n tó là á, wọ́n ń fi ìlẹ̀mọ́ oníná sí ojú awọ aláìsàn ná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìlẹ̀mọ́ náà tó fún, wọn kò sì padà wá fún iṣẹ́ abẹ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní TENS ti wá: àpótí oníbátìrì tí kò ju tẹlifóònù lọ, wáyà méjì tàbí mẹ́rin, àti ìlẹ̀mọ́.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà lò ó. Bí iná bá ń lù ní nǹkan bí ìgbà 80 sí 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò lágbára débi tí ẹran á fi máa fò, iṣan sísanra ló ń bá sọ̀rọ̀, ìrora á sì fà sẹ́yìn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń lù ní ìgbà méjì sí mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n tó lágbára tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń fò fìrì, ó máa ń jẹ́ kí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tú oògùn ìrora tiwọn jáde, èyí tó bá mọ́fíìnì tan. Iṣẹ́ Kathleen Sluka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa fi hàn pé ọ̀nà àkọ́kọ́ náà ń lo irú oògùn inú ara bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnu ọ̀nà mìíràn ló ń gbà wọlé. Wọ́n tún rí i pé bí a bá ń lo ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́, ara á mọ̀ ọ́n lára, agbára rẹ̀ á sì rẹ̀yìn. Físíò tó bá ń yí ìwọ̀n ìlù náà padà láti ọjọ́ dé ọjọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ àti àwọn aláìsàn jọ wà nínú rẹ̀ gbé ìlànà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lórí àgbọ̀n tó ti ń ro pẹ́. Àwọn ohun tí wọ́n fọwọ́ sí gbọnyin ni eré ìdárayá àgbọ̀n tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì, gbígbé oríkèé náà lọ́wọ́, títẹ àwọn kókó tó ń ro nínú iṣu ẹran, títún ìdúró ọrùn àti èjìká ṣe, àlàyé tó ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀, àti ìtọ́jú tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ro nípa ìrora àti bí a ṣe ń hùwà sí i. TENS kò sí níbẹ̀. Apá kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí, láàárín àwọn tí wọ́n ní kí a má tètè nawọ́ sí. Kódà ìbòrí eyín oníke tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ sùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rí tó dúró ti TENS lórí àgbọ̀n kéré, kò sì nípọn. Ó tún ṣòro láti fi ẹ̀rọ èké dán ènìyàn wò, torí ẹni tí iná ń ta mọ̀ pé iná ń ta òun.

Ṣé kí a wá kó o dà nù ni? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, ìwádìí kan lórí àìsàn mìíràn ló sì mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ Iowa yẹn àti àwọn ará Yunifásítì Vanderbilt tẹ èsì jáde lórí obìnrin 301 tó ní fibromyalgia, ìrora gbogbo ara tí kì í lọ. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta: àwọn tó lo TENS gidi, àwọn tó lo ti èké, àti àwọn tí kò lo nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìrora tó ń wá nígbà tí wọ́n bá ń rìn, tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan, dín kù lára àwọn tó lo ti gidi ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n ní kí wọ́n so ó mọ́ra fún wákàtí méjì lójúmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, kí iná náà sì lágbára dé ibi tí ara lè gbà láìdun. Ẹni tó so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wá lọ dùbúlẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n ti fi èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ṣòfò. Àkókò díẹ̀ tí ìrora fi sinmi ni kí a fi ṣe iṣẹ́ tí ìrora kò jẹ́ kí a ṣe.

Bí ìtọ́jú bá lọ bó ṣe yẹ, físíò á kọ́kọ́ wọn ẹnu. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń la ẹnu tó mìlímítà 40 ó kéré tán. Nílé, ìwọ̀n rẹ̀ ni ìka mẹ́ta tí a tò pọ̀ tí a gbé lóòró sáàárín eyín iwájú òkè àti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìlẹ̀mọ́ á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan níwájú etí, èkejì sórí iṣu ẹran tó máa ń le bí a bá fi eyín tẹ eyín. Ọkùnrin tó nírùngbọ̀n á ní láti fá ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń ro, wáyà ọ̀tún á dúró sí ọ̀tún, ti òsì sí òsì, kí iná má gba inú orí kọjá. Wọ́n á ti orí òdo bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló sábà máa ń gbà.

Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti rọ̀ ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Físíò á wọ ìbọ̀wọ́, á fi àtàńpàkò lé eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, á rọra tẹ àgbọ̀n sísàlẹ̀, á fà á síwájú díẹ̀, á sì dá a padà. Á wá kan aláìsàn.

"Màmá, ẹ fi ahọ́n yín mọ́ àjà ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú. Ẹ wá la ẹnu, kí ahọ́n má kúrò níbẹ̀."

"Dókítà, ṣé kí n là á tán?"

"Rárá, Mà. Ibi tí ahọ́n bá ti fẹ́ jábọ́, ẹ dúró síbẹ̀."

Ahọ́n tó wà lókè kì í jẹ́ kí orí egungun yọ̀ síwájú jù; yíyí nìkan ló ń jẹ́ kó ṣe. Mariano Rocabado, físíò ọmọ ilẹ̀ Chile tí orúkọ rẹ̀ kàn nídìí ọ̀ràn àgbọ̀n, to irú eré bẹ́ẹ̀ mẹ́fà jọ, ti ọrùn àti èjìká wà nínú wọn, pé kí a ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹfà, nígbà mẹ́fà lójúmọ́. Iṣẹ́ yìí pọ̀ létí, àmọ́ kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀. Bí aláìsàn bá ní TENS nílé, kó lò ó ṣáájú méjì nínú ìgbà mẹ́fà yẹn, pàápàá ti àárọ̀ tí ẹnu máa ń gan. Ìyókù jẹ́ ti ìwà: kí ètè pa dé kí eyín má kan ara wọn, torí eyín kò ní iṣẹ́ lára ara wọn àyàfi nígbà tí a bá ń jẹun tàbí tí a bá ń gbé nǹkan mì, kí obì, ìrèké, àgbàdo sísun àti ṣingọ́ọ̀mù sinmi fúngbà díẹ̀, kí pákò má máa gbé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn olùwádìí ń tẹ̀ lé báyìí gba inú etí. Ẹ̀ka kékeré kan wà lára iṣan vagus, iṣan gígùn tó ti orí lọ sí ọkàn àti ikùn, tó yọjú sí awọ kòtò etí. Òun ló ń mú kí àwọn kan máa wúkọ́ bí wọ́n bá ń fi nǹkan ro etí. Wọ́n ń fi ìdìmú kékeré rán iná sí i, etí òsì ni wọ́n sì sábà máa ń lò, torí pé vagus ọ̀tún ló ń bá ibi tí ìlù ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ jù. Èrò wọn ni láti pa ariwo gbogbo ara rẹlẹ̀, torí náà ó lè bá àwọn tí OPPERA tọ́ka sí mu, àwọn tí kì í sùn, tí gbogbo ara ń ro. Fún orí túúlu àti ẹ̀fọ́rí mìíràn, irú ẹ̀rọ tí kò wọ ara ti gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà: Cefaly, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí, lọ́dún 2014, gammaCore, tó ń lo vagus láti ọrùn fún irú ẹ̀fọ́rí kan tó le gan-an, lọ́dún 2017. Ti àgbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí, ẹni tó bá sì ń tà á bí ẹni pé ó ti parí ń yára ju ìmọ̀ lọ.

Àwọn kan wà tí TENS kò yẹ fún rárá láìjẹ́ pé dókítà wọn fọwọ́ sí i: ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn sí lára, ẹni tó ní wárápá, ẹni tí jẹjẹrẹ wà ní orí tàbí ọrùn rẹ̀, ẹni tí awọ ibẹ̀ bó tàbí tí kò mọ nǹkan lára mọ́. Ìlẹ̀mọ́ kò gbọdọ̀ kan ẹyinjú, kò gbọdọ̀ dé iwájú ọrùn níbi tí iná ti lè dí ọ̀nà èémí tàbí kó fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì. A kì í sùn pẹ̀lú rẹ̀, a kì í sì í wakọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìrora àgbọ̀n mìíràn sì wà tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú oríkèé. Bó bá dé pẹ̀lú àyà tó ń fún àti òógùn tútù, ọkàn ni kí a rò. Bí ẹnu bá ń pa dé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọgbẹ́, pàápàá ọgbẹ́ ìṣó, tẹ́tánọ́ọ̀sì lè ti wọlé. Ẹni tó ti ju ọmọ 50 ọdún lọ tí àgbọ̀n rẹ̀ ń ro bó bá ń rún oúnjẹ, tó ń dá bó bá sinmi, tí orí ń fọ́ ní ẹ̀bátí, tí ojú sì ń ṣú, kó má dúró di ọ̀la, torí ojú náà lè fọ́ pátápátá. Ẹnu tó sì là tí kò pa dé mọ́ lẹ́yìn yíyán ti yẹ̀ ni. Dókítà ló ń fi àtàńpàkò méjèèjì tì í sísàlẹ̀ àti sẹ́yìn padà sí kòtò, kì í ṣe ará ilé.

Fún àwọn tó kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tó láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìka tó ń wọ ẹnu ni kí a kà, kí a sì wo irú ẹran tó ṣeé rún lọ́sẹ̀ yìí tí kò ṣeé rún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ìka mẹ́ta bá ti ń wọlé, kí a máa dín TENS kù, eré ìdárayá á sì máa bá a lọ fún oṣù díẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kí físíò àti dókítà eyín jọ tún un yẹ̀ wò, bóyá oríkèé ni tàbí iṣu ẹran, bóyá ọrùn ni, bóyá aláìsàn ń payínkeke lóru tàbí kò rí oorun sùn rárá, kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ ra ẹ̀rọ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.